Ta Ló Ni Ilé Àlùbọ́sà?

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kejì

Àkọ́bí mi, ọmọbìnrin mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì sọ ọ́ di ẹlòmíràn? Àwa wà níbí. Orúnkún ń dùn mí díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tí màá rò ó fún, torí ẹni tí ǹ bá rò ó fún ò kọ̀wé sílé láti ìgbà tí òjò ti dá. Mi ò bínú o. Mo kàn ń sọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé mi ò bínú.

Ọ̀rọ̀ kan ló délẹ̀ tí mo fẹ́ kí o bá mi là sí wẹ́wẹ́. Obìnrin kan wá bá àwa àgbẹ̀ láti ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, bàtà rẹ̀ funfun, kò sì lè sọ gbólóhùn méjì kó má ní, “Ẹ gbọ́wọ́ sókè.” Ẹni tó bá gbà, kó gbọ́wọ́ sókè. Ẹni tí kò bá gbà, kó gbọ́wọ́ sókè. Àwa náà ń gbé e, torí kò dáa kí àlejò sọ̀rọ̀ títí kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má lọ sókè. Ẹ-Gbọ́wọ́-Sókè la kúkú sọ ọ́.

Ó ní kí gbogbo àwa tí à ń gbin àlùbọ́sà para pọ̀ di ẹgbẹ́, ká kọ́ ilé ìpamọ́ ńlá, ká máa kó àlùbọ́sà wa síbẹ̀ títí ọjà á fi dára, ká wá jọ tà á. Ó ní ìjọba á fún wa ní páànù àti símẹ́ǹtì, àwa á fi agbára wa kún un. Títí débẹ̀, ọ̀rọ̀ yé mi. Ìgbà tí mo bi í pé ta ló máa ni ilé náà lọ̀rọ̀ dojú rú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ẹ̀yin náà ni, Bàbá.”

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò tíì rí ohun tí gbogbo èèyàn jọ ni tí kò bàjẹ́. Ewúrẹ́ tí gbogbo ilé bá jọ ni, ebi ní í pa á. Ẹni yìí á rò pé onítọ̀hún ti fún un lóúnjẹ, onítọ̀hún náà á rò bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ á sì máa wò wọ́n. Aládùúgbò wa, Má-Sọ-Pé-Mo-Sọ, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi ka oko wa ni, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n á bu owó orí lé. Ó ní kí n má sọ pé òun ló sọ. Mo sọ fún ọ torí pé o jìnnà.

Ọjà-Ò-Tà náà ṣì wà. O rántí rẹ̀, oníṣòwò tó ń ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ wa láti ìgbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́. Kò ní tíì kí èèyàn tán tí á fi ní ọjà ò tà. Ọdún tó kọ́ ilé alájà, ọjà ò tà. Ọdún tó ra lọ́rì kún lọ́rì, ọjà ò tà. Ó ń rẹ́ wa jẹ, a mọ̀, ṣùgbọ́n a mọ ẹni tó ń rẹ́ wa jẹ. Nígbà tí ìyá rẹ kú, ó wá, ó jókòó tì mí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ta ni ẹgbẹ́ máa rán wá jókòó tì ọ́ lọ́jọ́ tí tèmi bá dé?

Ìwọ tí o ń ṣiṣẹ́ nílé àlùbọ́sà lọ́hùn-ún, ta ló ni ibẹ̀? Sọ òtítọ́ fún mi kí n tó tọwọ́ bọ nǹkan tí ò yé mi. Bí ẹnì kan bá sì ń bọ̀ wálé, fi bàtà ròbà rán an sí mi. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ mi ti ń rẹ́rìn-ín.

Èmi bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú àìrójú, ẹ kú ìrora orúnkún. Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ibí tutù ju ohun tí èèyàn ń kúnlẹ̀ sí lọ. Ẹ ní ẹ ò bínú. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, mo sì tọrọ gáfárà.

Ẹ bi mí pé ta ló ni ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá, àwọn àgbẹ̀ ni. Mi ò purọ́. Yàrá kan ni, ó gùn, ó tutù, iná funfun wà lókè. Àlùbọ́sà á máa bọ̀ bí àgbàrá lórí bẹ́líìtì, awọ gígùn kan tí ẹ̀rọ ń fà, àwa obìnrin á jókòó sórí àga gíga lápá ọ̀tún àti lápá òsì, a ó máa ṣa èyí tó bá rà, èyí tó bá là, èyí tó bá ti ń hù. Ní ọjọ́ Ajé, àwọn tó ni ilé náà á wọlé wá wò wá. Bàtà ròbà ló máa ń wà lẹ́sẹ̀ wọn, erùpẹ̀ sì máa ń wà ní èékánná wọn. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo bá rí wọn báyìí, ẹ̀yin ni mo máa ń rántí.

Tẹ́lẹ̀, àwọn náà ní Ọjà-Ò-Tà tiwọn, ọ̀kan tó ń ra gbogbo ẹrù wọn ní iye tó bá wù ú. Wọ́n para pọ̀, wọ́n kọ́ ilé yìí, òun ló wá ń bẹ̀ wọ́n báyìí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, Bàbá. Ẹ wọ ẹgbẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ara mi tún wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà. Wọ́n ń sọ nípa ẹ̀rọ kan tí á máa ṣa àlùbọ́sà dípò wa. Bó bá dé, kálukú á wábi gbà. Kí ó tó dé pàápàá, ibí ti sú mi. Mo fẹ́ wálé, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ wálé wá jókòó kí ẹ máa bọ́ mi. Bí ẹ bá kọ́ ilé ìpamọ́ yẹn, ẹ ó nílò ẹni tó mọ bí a ṣe ń ṣọ́ àlùbọ́sà kó má bàjẹ́, ìgbà tí a ń ṣí fèrèsé, ìgbà tí a ń tì í. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn. Ilé yẹn lè jẹ́ ọ̀nà tí màá gbà padà sọ́dọ̀ yín.

Bàtà ròbà ń bọ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kàrún-ún

Ọmọ mi,

Bàtà dé, ó bá mi mu, ẹsẹ̀ mi kí ọ.

Mo ti wọ ẹgbẹ́. Gbogbo wa ti wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n má rò pé lẹ́tà rẹ ló mú wa wọ̀ ọ́. Má-Sọ-Pé-Mo-Sọ ló lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ní òun ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà: ọlọ́rọ̀ ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò fẹ́ kí a mọ òun. Ó ní ọlọ́rọ̀ yẹn ló ni ilé náà, pé tìtorí ìtìjú ló fi ní ká pè é ní tiwa. Láti ọjọ́ yẹn lara ti tu gbogbo èèyàn. Àwọn tó ti ń sá fún ìpàdé ló kọ́kọ́ ru búlọ́ọ̀kù. Ọ̀gá Àgbà la ń pe ọlọ́rọ̀ náà. A ò tíì rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ní irú páànù yẹn, kò lè jẹ́ ẹni kékeré.

Ilé náà ti parí. Ó ga, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ojú rẹ̀ sì dojú kọ ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí a yan olóyè, mo jáde lọ tọ̀. Kí n tó dé, wọ́n ti fi mí ṣe alága. Wọ́n ní mo ní làákàyè torí pé mi ò sọ nǹkan kan látàárọ̀. Ẹ-Gbọ́wọ́-Sókè dúró níwájú, ó ní, “Ta ló ni ilé yìí?” A dáhùn bí ọmọ ilé ìwé pé, “Àwa ni.” Inú rẹ̀ dùn, ó lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yípo kọ́nà ni Má-Sọ-Pé-Mo-Sọ tẹ̀ sí mi létí: “Alága, ta ló ni ín gan-an?” Mo ní kó fara balẹ̀, mo ní ọmọ lẹ́yìn odi, yóò bá wa wádìí.

Nítorí náà, bá wa wá Ọ̀gá Àgbà kàn. Ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún ni irú wọn ń gbé. Kí i dáadáa, sọ fún un pé bàbá rẹ ni alága, pé tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó fi nǹkan kékeré ránṣẹ́ sí alága. Nípa iṣẹ́ tí o bèèrè, mi ò lè gba èèyàn sínú ilé onílé láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣáà kọ́kọ́ rí i ná.

Àlùbọ́sà ọdún yìí dára. Èyí tó tóbi jù, Ọjà-Ò-Tà ni mo tà á fún. Ìyókù ni mo kó lọ sí ilé ìpamọ́. Má dá mi lẹ́jọ́. Ọkùnrin yẹn bẹ̀ mí, ilé ìpamọ́ ò bẹ̀ mí.

Bàbá rẹ, Alága.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú oyè. Mo kí yín tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n mo ka lẹ́tà yín, mo fọwọ́ lérán.

Bàbá, kò sí Ọ̀gá Àgbà kankan. Kò sí níbí, kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹni tí màá lọ kí. Ta ló ru búlọ́ọ̀kù? Àlùbọ́sà ta ló wà nínú rẹ̀? Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ, ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ̀yin lẹ sì ń kó àlùbọ́sà tó dára jù fún ọkùnrin tó ń bá yín ná an, tí ẹ ń kó ìyókù sí ilé ara yín. Ẹ foríjì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá le. Èèyàn kì í jí ẹran nínú ìkòkò ara rẹ̀ kó máa yọ̀ pé òun gbọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ mi fún wọn ní ìpàdé. Ẹ̀yin ni alága. Ẹ ò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni ju ti àwọn tí ẹ jọ ń jókòó lọ.

Nǹkan ò rọgbọ níbí mọ́. Àwọn àgbẹ̀ tó ni ilé ṣèpàdé, wọ́n ní iṣẹ́ wa ń falẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, nígbà tí a wọlé, wọ́n ti kó gbogbo àga wa kúrò. Wọ́n ní ẹni tó bá dúró, ojú rẹ̀ á là. Láti àárọ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, a wà lórí ìdúró lójú bẹ́líìtì. Bí mo bá dé yàrá, ẹsẹ̀ mi kì í wọ bàtà títí di ọjọ́ kejì. Mo ṣì gbà pé ẹgbẹ́ dára. Ẹ ṣáà dárúkọ mi.

Ọmọ yín tó ń dúró.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹjọ

Ọmọ mi,

Pẹ̀lẹ́ o, kú ìdúró. Má bínú pé èsì pẹ́. Ọwọ́ mi dí. A ti daṣẹ́ sílẹ̀.

Bó ṣe rí nìyí. A ti kó àlùbọ́sà kún ilé náà dé àjà. Ẹ-Gbọ́wọ́-Sókè wá, ó ní ká má tíì tà, ká ní sùúrù kí ọjà gbowó lórí. Ó ní ká fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní owó díẹ̀ ná láti inú àpò ẹgbẹ́ lórí ohun tó kó wá, pé ìyókù ń bọ̀ lẹ́yìn tí a bá tà. Ẹni tó bá gbà kó gbọ́wọ́ sókè. A gbé e. Èmi tí mo jẹ́ alága gbé méjèèjì. Ìgbà tí a délé tí a wo owó ọ̀hún, inú bí wa. Ta ló gé owó yìí kéré báyìí? Ta ni ì bá jẹ́ bí kò ṣe Ọ̀gá Àgbà?

O ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ohun tí ọlọ́rọ̀ ń fẹ́ kí òṣìṣẹ́ rò nìyẹn.

A fi igi dábùú ẹnu ọ̀nà ilé náà. A ní àlùbọ́sà kan ò ní wọlé, ọ̀kan ò ní jáde, ẹnikẹ́ni ò sì ní ṣí fèrèsé, títí Ọ̀gá Àgbà á fi fi kún owó. Èmi ni mo wà níwájú, torí èmi ni alága. Akọ̀wé kọ ìwé ẹ̀hónú, ó kà á sókè, ó dùn létí, mo fọwọ́ sí i. Ìgbà tó ku ká lọ fi jíṣẹ́ la rántí pé a ò mọ ilé Ọ̀gá Àgbà. La bá gbé e lọ fún Ẹ-Gbọ́wọ́-Sókè. Ó kà á, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ó ní irú ìwé báyìí, alága ilé iṣẹ́ ló ń gbà á. Ló bá nà án sí mi.

Kí ni kí n ṣe? Mo gbà á. Mo gbé e délé, mo gbé e sórí tábìlì, mo jókòó tì í. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kọ èsì pé a ti rí ìwé yín, a ó gbé e yẹ̀ wò, ẹ ṣe sùúrù. Mo gbé èsì náà lọ fún àwọn èèyàn wa níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà. Inú bí wọn gidi gan-an. Wọ́n ní èsì náà ò ní ọ̀wọ̀ nínú. Bí wọ́n ṣe ń kà á sókè, inú bí èmi náà, mo sì ní ká má gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró nìyẹn. Òórùn kan ti ń jáde láti inú ilé náà, ṣùgbọ́n a ò ní ṣojo. Ìwọ tí o wà láàrin àwọn tójú wọn là, báwo làwọn òṣìṣẹ́ ọ̀hún ṣe máa ń ṣe é tí ọ̀gá wọn fi ń gbọ́?

Bàbá rẹ, Alága.


Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ

Bàbá,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bi mí báwọn òṣìṣẹ́ ibí ṣe ń ṣe é. Ibi tó ń dùn mí gan-an lẹ fọwọ́ kàn.

Àwa náà daṣẹ́ sílẹ̀. Torí àga ni. A kúrò nídìí bẹ́líìtì, a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àlùbọ́sà ń kọjá lọ láìsí ẹni tó wò ó. Alága àwọn àgbẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Bàbá arúgbó kan ni, á jẹ́ ẹgbẹ́ yín. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tì mí síwájú pé kí n bá a sọ̀rọ̀, torí wọ́n ní mo mọ àgbà bá sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo fi ẹsẹ̀ mi hàn án. Ó wò ó, kò sì yọ ojú kúrò. Ó ní, “Mo rí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún yín ní àga, inú àlùbọ́sà mi ni owó rẹ̀ á ti jáde.” Kò pariwo, kò bú wa. Ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìpamọ́, ó fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ símú, ó rí àlùbọ́sà kan tó bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó fi ẹ̀wù nù ún, ó sì fi í sápò.

Mo kórìíra rẹ̀, Bàbá. Mo sì fẹ́ kí ẹ dà bíi rẹ̀. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ kó má jẹ́ ìtakora. Ọkùnrin yẹn mọ̀ pé ilé náà jẹ́ tòun débi pé àlùbọ́sà kan ò lè sùn sílẹ̀. Ẹ̀yin jókòó síta ilé yín, ẹ ń gbóòórùn ohun tí ẹ gbìn bó ṣe ń rà, ẹ ń dúró de ẹni tí kò sí.

Wọn ò fún wa ní àga. Wọ́n ra ẹ̀rọ náà ni. Ní ìparí oṣù Kẹwàá, iṣẹ́ mi tán. Mi ò ní ibòmíràn tí mo ń lọ ju ọ̀dọ̀ yín lọ. Ẹ yọ igi yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ṣí fèrèsé, kó tó di pé kò sí ilé tí màá wá ṣọ́. Àlùbọ́sà ò mọ̀ pé ẹ daṣẹ́ sílẹ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹsàn-án

Bàbá, mi ò rí èsì. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ ti ṣí ilé náà? Ṣé ẹ ti dárúkọ mi? Bí ọ̀rọ̀ mi tó kọjá bá dùn yín, ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá

Ọmọ mi,

Ara mi le. Ọ̀rọ̀ rẹ ò dùn mí. Ó dùn mí díẹ̀.

A ti ṣí ilé. Ẹni tó là wá lójú kì í ṣe Ẹ-Gbọ́wọ́-Sókè, kì í sì í ṣe ìwọ, má bínú. Ọjà-Ò-Tà ni. Ó gbé lọ́rì dé, ó sọ̀kalẹ̀, ó ní ọjà ò tà, ṣùgbọ́n àánú wa ṣe òun. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ilé náà ò ti ní onílé, òun á ra ohun tó kù nínú rẹ̀ ní iye tó bá gbà, òun á sì máa bá wa lo ilé náà kó má baà wó. Ó ti mú àgádágodo tuntun dání. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dìde, ó ṣe mí bíi pé èmi ni. Mo ní, “Ta ló sọ fún ọ pé kò ní onílé?” Ó ní, “Ta wá ni onílé?” Ọmọ mi, gbogbo ẹnu ló ṣí lẹ́ẹ̀kan náà: “Àwa ni.” Kò sẹ́ni tó ní ká gbọ́wọ́ sókè. Ọwọ́ tó wà lókè lọ́jọ́ yẹn, igi tí a fi dábùú ọ̀nà ló wà nínú rẹ̀. Ó wọ lọ́rì rẹ̀ lọ.

Àlùbọ́sà tó ti jẹrà kì í ṣe díẹ̀. À ń kó o dà nù, kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n ohun tó kù, ọjà ti gbowó lórí, a tà á dáadáa. Ọjà-Ò-Tà náà padà wá, ó rà á ní iye tí a dá lé e.

Láti ìgbà náà, àwọn èèyàn yìí ti yí padà débi pé ẹ̀rù wọn ń bà mí. Kí n tó dé ilé ìpamọ́ láàárọ̀, wọ́n ti ń fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ símú. Bí ẹnì kan bá ta èyí tó dára síta, tó kó ìyókù wá, wọ́n á dà á sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Má-Sọ-Pé-Mo-Sọ ló ń yẹ ẹrù wò báyìí, ó sì ń sọ ohun tó bá rí síta gbangba, ó ní kí wọ́n sọ pé òun ló sọ. A ṣe òfin pé ẹni tó bá ń gbin àlùbọ́sà lórí ilẹ̀ ara rẹ̀, tó sì ń kó o wá, òun nìkan ló ní ẹnu nínú ilé yìí. Ì báà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ì báà jẹ́ ebè kan.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tìrẹ. Mo dárúkọ rẹ. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé o mọ iṣẹ́, ni mo bá ka lẹ́tà rẹ sókè, èyí tó sọ nípa bàbá arúgbó yẹn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wọ́n ní kí n tún ibi tó ti fi àlùbọ́sà sápò kà. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan bèèrè pé àwọn wo ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọn ò ṣiṣẹ́. Mo ní ọmọ mi wà lára wọn. Akọ̀wé ní, “Ẹni tó bá ọ̀gá rẹ̀ fà á lọ́hùn-ún torí àga, kí ló máa fi wá ṣe níbí?” Mo rán wọn létí pé àwa náà daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní tiwa yàtọ̀, tiwa nídìí.

Wọ́n ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ kí a gbà ọ́ gbọ́wọ́ sókè. Gbogbo wọn gbé e. Wọ́n wá ń wo alága. Mo gbé tèmi náà. Ó wúwo, ṣùgbọ́n mo gbé e. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tó pa òwe yẹn ò ṣe alága rí.

Àlejò kan la gbà síṣẹ́, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tí kò ní ará níbí. A ò fún un ní àga.

Má jẹ́ kí èyí dí ọ lọ́nà àtiwálé. Yàrá rẹ wà níbẹ̀, mo ti gbá a.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kọkànlá

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Lẹ́tà yín bá mi níbi tí mo ti ń di ẹrù.

Ó dùn mí. Mo sunkún, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Àwọn tó kù ò bí mi, mi ò bínú sí wọn. Ọwọ́ yín ló dùn mí. Ọwọ́ yẹn ló kọ́ mi bí a ṣe ń fa àlùbọ́sà tu láìjá a lọ́rùn. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi ro ó pé bóyá kí n má tilẹ̀ wálé mọ́, kí n lọ wá ilé àlùbọ́sà mìíràn tí wọ́n ti máa mú mi dúró.

Nígbà tí ojú mi gbẹ, mo tún lẹ́tà náà kà, mo sì rí i pé ẹ ò ti gbogbo ilẹ̀kùn. Kí ìyá mi tó kú, ó ní èmi ni òun fún ní ilẹ̀ etí odò tí òun ń dáko sí. Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́, ẹ sì ní kò burú. Mo ń bọ̀ wá kọ ebè sórí rẹ̀. Mi ò wá iṣẹ́ lọ́wọ́ yín mọ́. Àlùbọ́sà ni mo fẹ́ gbìn, màá kó o wá sí ilé náà, èyí tó dára jù, màá sì wá jókòó ní ìpàdé láàrin yín.

Ohun tí màá kọ́kọ́ sọ níbẹ̀ ni pé ká fún ọkùnrin tí ẹ gbà síṣẹ́ ní àga. Mo mọ̀ pé ẹ lè má gbà. Ẹ̀yin náà lè tún gbọ́wọ́ yín sókè pẹ̀lú wọn. Bí ẹ ò bá gbà lọ́dún yìí, màá tún sọ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, torí kò sẹ́ni tó lè dá èèyàn dúró lẹ́nu ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ fi ẹsẹ̀ sinmi títí màá fi dé. Ẹ bá mi kí àwọn onílé, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹnì kan tún ń bọ̀ wá kún wọn.

Ọmọ yín.